Ní 40–40, ta ni yóò gba bọ́ọ̀lù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ọ́ńpáyà. Èmi àti àbúrò mi lọ wo tẹ́níìsì oníméjì-méjì ní Oníkan. Nígbà tó di 40–40, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n gbá, géèmù parí. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti jẹ sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọn ò gbá ìkẹta, wọ́n kàn ń ka ààmì títí dé 10. Ti Wimbledon tá à ń wò kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa náà fẹ́ wọ irú ìdíje yìí, báwo ni ká ṣe múra? (Òǹkàwé kan, Súrúlérè)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ohun tẹ́ ẹ rí bófin mu. Láti 2006 ni ATP, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fi tẹ́níìsì ṣiṣẹ́ ṣe, ti ń lò ó kí eré má bàa gùn jù, àwọn ìdíje ITF, àjọ tẹ́níìsì àgbáyé, náà sì ń lò ó. Wimbledon ò tíì fi sẹ́ẹ̀tì kẹta sílẹ̀ nínú eré àwọn ọkùnrin àti ti àwọn obìnrin.

Bọ́ọ̀lù 40–40 yẹn ni kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Ẹni tó ń sáàfù, ìyẹn ẹni tó ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ò láṣẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbà á lẹ máa sọ bóyá apá ọ̀tún ni kó sáàfù sí tàbí apá òsì. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ pààrọ̀ apá tí kálukú ti ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì, torí náà, bẹ́ ẹ bá ti mú apá, ẹ ti mú ẹni tí yóò gbà á nìyẹn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wojú ara wọn lórí pápá lásìkò yẹn. Ẹ ti fẹnu kò láti ilé. Ẹni tó ń dá bọ́ọ̀lù padà láìkùnà ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gbá a le jù. (Bó bá jẹ́ tọkùnrin-tobìnrin ló ń gbá, kò sí yíyàn: bí ọkùnrin bá sáàfù, ọkùnrin ló ń gbà á, bí obìnrin bá sáàfù, obìnrin ló ń gbà á.)

Ní ti kíka ààmì dé 10, ẹ gbọ́dọ̀ fi méjì ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀, òfin fún yín ní ìṣẹ́jú méjì láti sinmi, ẹ sì lè pààrọ̀ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sáàfù nínú ẹ̀yin méjèèjì àti apá tí kálukú yóò ti máa gbà. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àyè yìí wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáàfù lè sáàfù ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ bí eré bá gùn, nítorí náà ẹni tí sáàfù rẹ̀ dára jù lọ́jọ́ náà ni kó bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ àbúrò yín.