Ṣé àpò tí a yọ lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lè gbé oògùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ẹ̀jẹ̀ O sì ni tèmi. Nọ́ọ̀sì tí ó fa ẹ̀jẹ̀ lára mi kẹ́yìn sọ pé wọ́n ti ń yọ àpò tín-ín-tín lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa láti fi gbé oògùn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣé ẹ̀jẹ̀ irú tèmi sì wúlò fún un? Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì di oògùn tí dókítà lè kọ fún aláìsàn.

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní ni ó mú kí wọ́n yàn án. Kí ó tó jáde kúrò nínú mùdùnmúdùn egungun ni ó ti ti kókó tí DNA, ohun tí ó gbé àbùdá, wà nínú rẹ̀ jáde, nítorí náà àpò tí a bá yọ lára rẹ̀ kò ní kó àbùdá ẹlòmíràn wọ ara aláìsàn, èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bani bí ó bá jẹ́ ara sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni a ti yọ ọ́.

Ní ọdún 2018, Minh Le àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní City University of Hong Kong gbé iṣẹ́ wọn lórí èyí jáde. Wọ́n da kẹ́míkà tí ń jẹ́ kí kálísíọ́mù ráyè wọlé sórí sẹ́ẹ̀lì pupa, awọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ roro bí ìfófòó ọṣẹ, títí tí àwọn roro náà fi já sílẹ̀. Bí a bá tò wọ́n sí ìlà, ó tó ọgbọ̀n wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba ìbú sẹ́ẹ̀lì kan já. Wọ́n wá fi iná mànàmáná lu awọ àpò náà kí oògùn RNA, èyí tí a fi èròjà tí ó jọ DNA ṣe, lè ráyè wọ inú rẹ̀, nítorí pé bí RNA bá wọ ẹ̀jẹ̀ ní ìhòòhò, kíá ni ara máa ń gé e wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àti ti ọmú ní àpò náà, àrùn náà kò lè gbèrú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ẹ̀dọ̀, tí ó ti mọ́ lára láti máa palẹ̀ àjákù ẹ̀jẹ̀ mọ́, ni ó ń gba púpọ̀ nínú àpò náà. Bí ẹ̀dọ̀ bá ni ó ń ṣàìsàn, ire ni. Bí ó bá jẹ́ ọpọlọ ni, iṣẹ́ ṣì pọ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ O yín, òun gan-an ni wọ́n fẹ́, nítorí pé awọ sẹ́ẹ̀lì náà ni awọ àpò, kò sì sí àmì A tàbí B tí ara ẹlòmíràn lè bá jà lára rẹ̀.