Ẹ Kọ́ Wọn Bí Ọkọ̀ Ṣe Ń Dúró Ná

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onígbòkun ni mo fẹ́ dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ torí ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Southampton ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ onígbòkun ni, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin sí márùn-ún la máa ń kó sínú ọkọ̀ kan. Lójú agbami wọ́n máa ń ṣe dáadáa, wọ́n á ta ìgbòkun, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ tó bá ti di pé ká wọ èbúté ká so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ara gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, oníkálukú á máa pariwo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá obìnrin kan na ẹsẹ̀ jáde kó fi ti ọkọ̀ kúrò lára pọ́ntúùnù (pèpéle tó ń léfòó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́), ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè fà á sẹ́yìn. Báwo ni kí n ṣe kọ́ wọn tí ẹ̀rù ò fi ní máa bà wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún ń jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tá a bá ti fi í sí rìfáàsì? Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣé tóo kọ̀wé, mo dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ obìnrin yẹn ṣì pé. Ọkọ̀ onígbòkun tó gùn tó mítà 10 lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 5, kò sí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn tó lè dá ìyẹn dúró, eegun ló máa fọ́. Torí náà ohun tí wàá kọ́kọ́ sọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó tú okùn rárá, ni pé a kì í fọwọ́ ti ọkọ̀, a kì í fẹsẹ̀ tì í. Fẹ́ńdà, ìyẹn tìmùtìmù rọ́bà tí afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀, la fi ń gbà á. Yàtọ̀ sí àwọn fẹ́ńdà tẹ́ ẹ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ mú ọ̀kan tí ẹnì kan á máa gbé kiri lọ́wọ́, ibi tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbá ni kó gbé e sí. Bí ọ̀dà ara ọkọ̀ bá bó, a máa tún un kùn.

Ní ti ẹ̀rù yẹn, mo rò pé mo mọ ibi tó ti ń wá. A máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ èbúté ká tó kọ́ wọn bí ọkọ̀ ṣe ń dúró, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ò ní bíréèkì! Àwọn tó ń wá bá ẹ yẹn ti wa mọ́tò lọ́dún mélòó kan, ẹsẹ̀ wọn ti mọ́ bíréèkì, tí wọ́n bá ti rí pọ́ntúùnù níwájú ẹsẹ̀ wọn á máa wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ìyẹn ló ń já wọn láyà. Nítorí náà má tíì mú wọn dé ibi tí ọkọ̀ olówó iyebíye tò sí o. Wá bọ́ì kan, ìyẹn ohun tó ń léfòó tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ omi, tí ẹnikẹ́ni ò lò níbi tí omi ti fẹ̀ dáadáa, kí oníkálukú gbé imú ọkọ̀ lọ bá bọ́ì yẹn, kó yọ ọ́ kúrò ní jíà, kó máa wò ó bó ṣe ń yọ̀ lọ fúnra ẹ̀ títí tó fi máa dúró. Wọ́n máa ṣì í, ọkọ̀ á kọjá bọ́ì, jẹ́ kó kọjá, kò bá nǹkan kan jẹ́. Kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà sọ fún wọn pé kí wọ́n wá láti òdìkejì, kí omi máa ti ìdí ọkọ̀ bọ̀, wọ́n á rí i pé pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ṣe rọra tó, ọkọ̀ ò dúró. Má tíì ṣàlàyé kankan o. Jẹ́ kí ara wọn kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, àlàyé á wá rọrùn.

Àlàyé ọ̀hún ni pé ìtọ́kọ̀, ìyẹn pátákó abẹ́ omi tí sítíà ń yí láti darí ọkọ̀, ò lè ṣiṣẹ́ àfi tí omi bá ń ṣàn kọjá lára ẹ̀. Tí omi bá ń ṣàn bọ̀ ní knot 2 (nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan) tí ìwọ náà sì dojú kọ ọ́ pẹ̀lú knot 2, lójú ẹni tó dúró sórí pọ́ntúùnù ọkọ̀ rẹ ti dúró gbagidi, àmọ́ omi ṣì ń kọjá lára ìtọ́kọ̀, sítíà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, o lè rọra yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ àyè rẹ. Tóo bá jẹ́ kí omi máa lé ẹ lẹ́yìn, knot 2 yẹn ti di gbèsè sí ẹ lọ́rùn kóo tó bẹ̀rẹ̀. Solent tẹ́ ẹ wà yẹn, omi tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti erékùṣù Isle of Wight, kì í ṣe omi téèyàn ń fojú di rárá, ní Hurst níbi tó ti fún, ìṣàn omi lè kọjá knot 4 lásìkò tí òṣùpá bá kún tàbí tí oṣù tuntun bá lé, ní Southampton gan-an omi á kún, á sinmi, á tún padà kún lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ò bá wo ìwé àkókò omi á kàn máa ṣe kàyéfì ni. Torí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan sítíà, bi í pé: èwo ló lágbára jù báyìí, atẹ́gùn àbí omi? Má sọ fún un. Jẹ́ kó wo ibi tí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ bọ́ì kọjú sí, kó wo bí omi ṣe ń hó lẹ́yìn òpó. Èyí tó bá lágbára jù lẹ máa dojú kọ.

Ní ti okùn, okùn kan péré ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́, èyí tó ti àárín ọkọ̀ jáde tẹ́ ẹ máa so mọ́ kílíìtì (irin oníwo méjì tí wọ́n ń so okùn mọ́) orí pọ́ntúùnù lápá ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá ti so ó, fi ẹ́ńjìnì sí jíà iwájú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, yí ìtọ́kọ̀ bíi pé o fẹ́ kúrò lára pọ́ntúùnù, ọkọ̀ á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ẹ ó wá ráyè so okùn iwájú, okùn ẹ̀yìn àti èyí tó kù láìsí ariwo. Ẹni tó máa mú okùn lọ sórí pọ́ntúùnù á rọra sọ̀ kalẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ fò. Tó bá di pé ó ní láti fò, a jẹ́ pé ọkọ̀ ò tíì débẹ̀, ẹ yí padà lọ tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ọkọ̀ tó ń yà: èyí tó pọ̀ jù nínú pròpẹ́là, ìyẹn abẹ tó ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀ lọ, máa ń yí sọ́tùn-ún tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, tóo bá fi sí rìfáàsì ó ń yí sósì nìyẹn, á sì máa fa ìdí ọkọ̀ lọ sósì kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ti sítíà. Kò nílò pátákó ìkọ̀wé. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní síso mọ́ èbúté, fi sí rìfáàsì díẹ̀, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wo omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ tí omi bá ti ń hó jáde, òdìkejì ẹ̀ ni ìdí ọkọ̀ máa yà sí. Tó bá jẹ́ òsì ló ń yà sí, ẹ máa fi apá òsì gúnlẹ̀ tí àyè bá wà, rìfáàsì tẹ́ ẹ fi dá a dúró á bá yín fa ìdí ẹ̀ wọlé.

Ohun tó kù ni ọwọ́ tìẹ fúnra rẹ. Ẹni tó kọ́ èmi níṣẹ́, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti súnmọ́ èbúté ló máa ń já sítíà gbà lọ́wọ́ mi, ó pẹ́ gan-an kí n tó gbà pé mo lè dá a ṣe, ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí. Tóo bá ti yan ibi tí àṣìṣe ò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára, fi ọwọ́ rẹ sápò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ńlẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ń kọ́ ọkọ̀ onígbòkun kékeré l'Ékòó. Wọ́n ní kò ní ẹ́ńjìnì rárá. Báwo ló ṣe máa dá a dúró? Ọkàn mi ò balẹ̀.

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń tu irú ọkọ̀ yẹn l'Ékòó, Lagos Yacht Club ti wà láti 1932. Atẹ́gùn ni bíréèkì ẹ̀. Tó bá kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tó sì dẹ okùn ìgbòkun, aṣọ á máa gbọ̀n pẹpẹpẹ, ọkọ̀ á dúró. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi olùkọ́ ẹ̀ ni ìgbà tí omi ń fà, torí lásìkò òjò omi ọ̀sà máa ń rọ́ jáde sókun tagbáratagbára, atẹ́gùn tí ò tó nǹkan ò lè gbé ọmọdé padà wálé. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Kó so ó pinpin kó tó kúrò lórí ilẹ̀, kì í ṣe kó fi jókòó.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni kéèyàn mọ gbogbo kókó okùn kó tó lè bá wọn lọ? Mo ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Méjì ni kóo mọ̀ dénú, bí wọ́n ṣe ń wé okùn mọ́ kílíìtì, àti bowline tó máa ń ṣe ojú tí kì í fún pọ̀. Máa dijú dì wọ́n nílé títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Tóo bá dénú ọkọ̀, tóo fẹ́ di okùn tó ń fa ọkọ̀ mú, kọ́kọ́ wé e yí ìdí kílíìtì ká lẹ́ẹ̀kan kó tó fà le, má sì jẹ́ kí ìka rẹ wọ àárín okùn àti irin yẹn.