Ẹ inú orúkọ zobo mi dá dúró bí àlejò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta zobo nílé ní Bárígà, mo wá fẹ́ tẹ sítíkà tí màá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, Adùn Ẹnu lorúkọ ẹ̀. Mo ní kí bọ̀ọ̀dá tó ń bá mi ṣe dísáìnì ní Ṣómólú lo lẹ́tà tó máa dà bíi pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ gbogbo lẹ́tà yòókù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, Ẹ nìkan ló nà gbọnrangandan. Ó ní bí fọ́ǹtì yẹn ṣe rí nìyẹn. Ṣé kò parọ́ fún mi báyìí? – Ìyá Zobo

ÌDÁHÙN: Ìyá Zobo, ẹ kú òwò o. Kò parọ́, ó kàn ń ṣọ̀lẹ ni. Ẹni tó ya fọ́ǹtì yẹn ò ya Ẹ sí i, ìgbà tí kọ̀ǹpútà wá a tí kò rí i ló lọ yá ti fọ́ǹtì míì wá, ìyẹn lẹ ṣe rí i tó nà bẹ́ẹ̀ yẹn. Kó gbé fọ́ǹtì tó ń jẹ́ Pacifico wò, ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì Google Fonts, wọ́n ti fi lẹ́tà àwọn ará Vietnam sí i, àwọn náà sì máa ń fi àmì sábẹ́ e àti o bíi tiwa, Adùn Ẹnu máa jáde wẹ́rẹ́. Ṣ ni wọn kì í lò ní tiwọn, tó bá wà nínú orúkọ tẹ́ ẹ máa sọ èyí tó kàn, ẹ ní kó tẹ “Ẹ̀ṣọ́” kẹ́ ẹ rí i kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ibẹ̀ làmì ti máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà.

Ẹ má sì jẹ́ kó kọ ADÙN ẸNU ní lẹ́tà ńlá látòkèdélẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n ṣe kó máa di ara wọn mú, lẹ́tà ńlá kàn wà fún ìbẹ̀rẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá tò wọ́n pọ̀ wọ́n á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn bí èrò inú danfo. Roger Excoffon ará Faransé tó fi ìkọ̀wé ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe fọ́ǹtì Mistral lọ́dún 1953, irin ni wọ́n ṣì fi ń tẹ̀wé nígbà yẹn o, síbẹ̀ ó ṣe é débi pé lẹ́tà kan á wọ inú èkejì bíi pé bírò ò kúrò lórí ìwé, èmi ò tíì rí èyí tó wù mí tó o.

Orúkọ nìkan ni kẹ́ ẹ fi lẹ́tà bí ìkọ̀wé ọwọ́ yìí kọ, kó tóbi. Nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tí zobo máa bàjẹ́, lẹ́tà gbalasa tí kò so mọ́ra ni kó lò, torí tí lẹ́tà bí ìkọ̀wé ọwọ́ bá ti kéré lórí sítíkà, yíǹkì á dí inú e àti a pa, 1 á sì máa jọ 7, oníbàárà á wá máa pe ẹlòmíì.

Tí gbogbo ẹ̀ ò bá wá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú máákà dúdú, ẹ kọ Adùn Ẹnu sórí ìwé funfun bí ìgbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ mú èyí tó dáa jù lọ fún un ní Ṣómólú, á yà á sórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ yín gan-an ló máa wà lára ìgò yẹn.