Ọmọ mi ní kí n na irun òun: ṣé relaxer ni àbí áyọ́ọ̀nù?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́wàá. Irun rẹ̀ ki, ó sì ká mọ́ra gan-an. Bí mo bá fẹ́ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹkún la fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹkún náà la fi ń parí rẹ̀. Ó ti wá ń sọ báyìí pé kí n na irun òun kó lè máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bíi tàwọn ẹgbẹ́ òun ní iléèwé. Ilé ni mo fẹ́ ti ṣe é, torí kò sí onídìrí tó mọ irun wa nítòsí. Ṣé kí n fi relaxer, ìyẹn ìpara tó ń na irun, sí i ni, àbí áyọ́ọ̀nù, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń tẹ irun, ló sàn? Ìpara wo lẹ sì máa ń lò? Ẹ jọ̀ọ́, ó ti sú mi.

Ìdáhùn

Ìyá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọ̀rọ̀ yín ò ṣàjèjì sí mi rárá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀: ẹ má fi relaxer sí ọmọ ọdún mẹ́wàá lórí. Bó bá dàgbà tó ní òun fẹ́ ẹ, ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, sodium hydroxide, ló wà nínú ọ̀pọ̀ relaxer. Èyí tí wọ́n kọ "no lye" sí lára páálí rẹ̀, tí wọ́n ya àwòrán ọmọdé sí, calcium hydroxide ló sábà máa ń wà nínú tiẹ̀, òun náà sì ń jó ara. Ohun tó so irun pọ̀ nínú lọ́hùn-ún tó fi ń ká ni wọ́n ń já. Bí wọ́n bá ti já a, kò sí òróró tàbí ìpara tí yóò dá a padà, àfi kí irun tuntun hù, irun kì í sì í hù ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù.

Èmi náà ra irú páálí bẹ́ẹ̀ nígbà tí àkọ́bí mi tó ọmọ yín. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, ọmọ mẹ́ta ń bẹ nílẹ̀, mi ò sì ráyè tí màá fi máa tú irun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin wa kan tó máa ń dirun fáwọn ọ̀rẹ́ ní òun á bá mi ṣe é kí n tó dé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jáde. Ọjọ́ tó ṣáájú la tú irun tó wà lórí ọmọ náà, ó sì ti fi èékánná họ orí bí gbogbo wa ṣe máa ń họ ọ́. Ibi tí èékánná bá ti họ, awọ ti bó díẹ̀ níbẹ̀, ìpara náà á sì rí ọ̀nà wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nínú páálí pé kí wọ́n má họ orí ṣáájú. Mi ò kà á débẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tó ń kà á débẹ̀ nígbà yẹn.

Ìpara náà pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹni tó fi sí i wà lórí fóònù. Ó ń jó ọmọ náà lẹ́yìn etí òsì. Kò sọ̀rọ̀. Ó di àga mú, ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi wá fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, ó ti sùn lọ, irun rẹ̀ nà gbọọrọ lóòótọ́, ó ń dán. Mo ní kí n yí orí rẹ̀ sí apá kejì, orí ò gbé. Omi ara tó ti ojú egbò jáde ti gbẹ mọ́ aṣọ ìrọ̀rí, irun àti awọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi rin ín díẹ̀díẹ̀ kó tó ṣí. Ó lajú, ó wò mí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Màmá, ó nà, àbí?"

Mo bi í pé kí ló dé tí kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ní kí n máa fara dà á."

Bẹ́ẹ̀ ni mo sì wí lóòótọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi itan há orí rẹ̀, tó bá ń fa ọrùn sẹ́yìn, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kó jókòó jẹ́ẹ́, kó fara dà á, pé kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi nìyẹn, tiyín náà sì sọ ọ́ fún yín. Àmọ́ nígbà tiwa, èèyàn pọ̀ nílẹ̀. Bí ẹni tó ń dirun bá le lọ́wọ́, ẹlòmíì á wí pé kó rọra, pé ọmọ yẹn ń sunkún. Ọmọ tèmi ò ní ẹni tó máa bá a sọ ọ́.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń bi mí pé ta ló ṣe é, ta ló wà nílé, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù: kí wọ́n má lọ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n bi ọmọ pé ṣé ó ń dùn ún. Ó wojú mi kó tó dáhùn, ó ní rárá.

Ó ti wọ yunifásítì báyìí. Àpá kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ, irun ò hù níbẹ̀ mọ́, bó bá sì ń ṣe irun, ó máa ń fi irun bo ibẹ̀. Ohun tó ń mú mi tají lóru ni pé ọmọ tó lè jókòó kí nǹkan máa jó o lórí kó má sọ̀rọ̀, kí ló tún ti fara dà tí kò sọ fún mi? Bí mo bá pè é, "mo wà dáadáa, Màmá" ni. Mi ò mọ ìgbà tó jẹ́ òótọ́ àti ìgbà tí kì í ṣe òótọ́.

Ní 2022, àwọn olùwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà gbé èsì kan jáde lórí àwọn obìnrin tó lé ní 33,000. Nínú àwọn tó lo ìpara tí wọ́n fi ń na irun ju ìgbà 4 lọ láàárín ọdún kan, iye àwọn tó ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò lò ó lọ. Wọn ò sọ pé òun ló fà á fún ẹnikẹ́ni o. Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ sí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀lé e. Mi ò tíì mọ èsì tí màá fún un.

Ẹ má rò pé mò ń dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n fi relaxer sí orí tèmi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń tọ́mọ láìsí ẹ̀gbọ́n láìsí àbúrò, ohun tó bá lè jẹ́ kó sùn díẹ̀ ni yóò mú.

Ní ti ẹkún ọjọ́ Sátidé, ẹ má ya irun náà ní gbígbẹ. Ẹ rin ín, ẹ fi conditioner kùn ún títí yóò fi máa yọ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ẹ fi ìka tú kókó rẹ̀ kó tó kan òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra. Ṣóńṣó irun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ kejì di ìdí irun mú kó má baà máa fa awọ. Ẹ jẹ́ kó di òòyà mú fúnra rẹ̀ nígbà míì. Bó bá ní ó dùn òun, kí ọwọ́ yín dúró, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé kò tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo nǹkan tí mo kọ síbí lọ.

Bó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kí irun náà gùn ni, òwú ń bẹ. Ẹ kó o lálẹ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, ẹ má fà á le, ẹ tú u láàárọ̀, á nà láìfi iná kàn án. Ọmọ mi rí irun kíkó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún tó kọjá, ó wá bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n kó. Èmi tí mo kó irun gbogbo àwọn àbúrò mi.

Ẹ bi í pẹ̀lú pé ta ló sọ nǹkan nípa irun rẹ̀ ní iléèwé. Èmi ò bi tèmi.

Orúkọ ìpara, mi ò ní dá ọ̀kankan. Irun àwọn ọmọ mi gan-an ò gba ìpara kan náà.

Bó bá ṣì ní áyọ́ọ̀nù ni òun fẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ fún ọjọ́ ìnáwó, kó má di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fọ irun náà, kó gbẹ pátápátá, ẹ fi ìpara tó ń dáàbò bo irun lọ́wọ́ ooru sí i. Omi ń hó ní 100 °C. Bí áyọ́ọ̀nù bá kan irun tó ṣì tutù, omi inú rẹ̀ á hó, á sì ba irun jẹ́ láti inú. Bó bá dún ṣìì, ẹ gbé e kúrò. Ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù ń gbóná dé 230 °C; ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 150 °C, ẹ má kọjá 180 °C bó ti wù kí irun ki tó, ẹ má sì gba ojú ibì kan náà kọjá léraléra. Irun tí áyọ́ọ̀nù nà, omi lásán ló yẹ kó dá a padà. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí kò ká mọ́, iná ti pa á nìyẹn, gígé ló kù. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìdì kékeré kan lẹ́yìn orí dán an wò, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rí i pé ó ká padà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.