Ṣọ́kì iwájú ọ̀kadà tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó: ẹ jìnnà sí kọ́sítíìkì

Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ọ̀dà ẹsẹ̀ ṣọ́kì iwájú Bajaj yín ń bó, ibi tó bó sì ń hu funfun bí ẹfun, pé ṣé kẹ́ ẹ kàn ra ọ̀dà sílífà alágolo kẹ́ ẹ fọ́n ọn lé e lórí. Ẹ má tíì fọ́n nǹkan kan. Mo ti ṣe é rí, ojú mi rí màbo.

Ọ̀nà Mọ̀pà sí Ìsánlú ni mo ń ná nígbà náà, òkúta wẹ́wẹ́ ti jẹ ọ̀dà tèmi tán. Ẹnì kan ní kí n po kọ́sítíìkì sódà mọ́ omi, kí n ki ẹsẹ̀ ṣọ́kì bọ̀ ọ́, pé wéré ni ọ̀dà á ṣí. Ọ̀dà ṣí lóòótọ́. Àmọ́ omi yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná nídìí ẹ̀, èéfín ń ta mí nímú, nígbà tí mo máa fa irin yọ, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ara rẹ̀ sì ti jẹ wọnú. Màmá mi tó ń se ọṣẹ tà ń kọjá lọ. Ó ní, "O ti rí mi kí n po kọ́sítíìkì sínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù rí?" Báàfù oníke ló ń lò láti kékeré mi! Àlùmíníọ̀mù ni ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Omi eérú pàápàá á jẹ ẹ́.

Ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dá epo dúró nínú ṣọ́kì, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi ìka yí ibi tí irin tó ń dán ti wọnú ẹsẹ̀ ká. Bí epo bá mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ síìlì ná, torí epo á ṣàn wá sára ọ̀dà tuntun, á wá ojú ibi tó ti sán, á sì gbé e dìde. Èyí tí mo kọ́kọ́ fọ́n kò lò tó oṣù kan. Bí wọ́n bá tú u fún síìlì, ẹsẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ yín nìyẹn. (Kí mẹ́káníìkì fi ìwọ̀n bu epo sí méjèèjì o, kó má fojú dá a.)

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Sáńpépà 400 ló kàn, nínú omi, títí ọ̀dà àtijọ́ á fi tán pátá. Lẹ́yìn náà 800, 1200, 2000: bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni sáńpépà ń kúnná sí i. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ sáńpépà, ẹ yí ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà họ ọ́ padà: ìlà ti tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ pa rẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni tèmi gbà, kòtò méjì ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ wá fi Brasso, èyí tí wọ́n fi ń nu irin kó lè dán, kun ún. Àkísà á dúdú kirikiri. Ẹ máa nù ún lọ títí ẹ ó fi rí eyín yín nínú rẹ̀.

Ní tèmi, n kì í kun nǹkan kan lé e mọ́. Òjò á mú un ṣú díẹ̀, mo sì ń fi Brasso nù ún. Bó bá jẹ́ ọ̀dà lẹ fẹ́, ẹ ra práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) tó ń di àlùmíníọ̀mù mú, kẹ́ ẹ sì dúró de ọjọ́ tí ojú ọjọ́ gbẹ. Kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń fọ́n kẹ́yìn, tí mo fọ́n lásìkò òjò funfun bí omi ògì.

Sáńpépà 400 yẹn kò gbọ́dọ̀ dé ara irin òkè tó ń dán o. Bí ìpáta bá wà níbẹ̀, ẹ rọra fi fọ́ìlì àti omi ra á. Bí èékánná yín bá ṣì ń kọ́ níbi tí síìlì ti ń gòkè sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ló máa ya síìlì tuntun yẹn.