Ìbéèrè Yín: Ọkọ̀ ìpẹja tó bá ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mu

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni mí, Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí ni mo ń gbé. Èmi àti àbúrò mi tí ó fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùgbé fẹ́ da owó pọ̀ ra ọkọ̀ ìpẹja tí wọ́n ń pè ní center console, èyí tí ìdí ìtukọ̀ rẹ̀ wà láàárín gbangba, kí a lè máa fi òpin ọ̀sẹ̀ pẹja lórí ọ̀sà, àwa méjì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì. Ọmọ mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà ti rí àlòkù kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 28, tí ó ní ẹ́ńjìnnì méjì, ó sì ní owó rẹ̀ kò wọ́n rárá. Àbúrò mi ní ó ti tóbi jù. Mo tún ń rò ó pé kí n máa fi jíìpù mi wọ́ ọ wálé lẹ́yìn ìpẹja, kí n lè máa tọ́jú rẹ̀ fúnra mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Bàbá fẹ̀yìntì, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè, Bàbá. Àbúrò yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe pé ọkọ̀ tí ọmọ yín rí burú, ṣùgbọ́n omi tí ẹ fẹ́ lò kò pè é. Àwọn tí ó ń kúrò ní etíkun lọ sí àárín agbami ni wọ́n kan irú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 28 bẹ́ẹ̀ fún. Abẹ́ rẹ̀ mú ṣóńṣó bíi lẹ́tà V, ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń tó dígírì 20 sí 24 ní ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó lè la ìgbì òkun láìgbá èrò inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ méjì kí ọ̀kan lè gbé wọn padà bí èkejì bá kú lọ́nà jíjìn. Ọ̀sà Lẹ́kí tí ẹ ó máa lò ní Ẹ̀pẹ́ kò ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun, Ọ̀sà Èkó ni omi rẹ̀ ń gbà kọjá, ní ibi púpọ̀ ni kò sì jìn tó ìdúró ènìyàn. Ọkọ̀ ńlá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wọ omi tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta yóò máa fi pùròpẹ́là wa ẹrẹ̀ níbẹ̀, yóò sì máa kó koríko orí omi jọ mọ́ra.

Ohun tí èmi yóò rà bí mo bá wà ní ipò yín ni ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 18 sí 21, tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ díẹ̀, bíi dígírì 12 sí 17, tí ó sì ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ wà láàárín ẹṣin 90 sí 150 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kan ọkọ̀ náà bá ṣe kọ ọ́ sí i lára. Abẹ́ tí ó tẹ́ kì í mì púpọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ìdúró ni ẹ sì ti ń pẹja.

Ẹ má jẹ́ kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Ìdí tí a fi fẹ́ràn irú ọkọ̀ yìí ni pé ìdí ìtukọ̀ nìkan ni ó dúró láàárín rẹ̀, kò sí yàrá, kò sí ògiri. Bí ẹja bá gbé ìwọ̀ mì, tí ó sì ń sáré yí ọkọ̀ ká, apẹja lè tẹ̀ lé e láti iwájú dé ẹ̀yìn láìju okùn sílẹ̀. Àǹfààní yìí gan-an ni ó ń kú nínú ọkọ̀ tí ó kéré jù, nítorí pé bí ọkọ̀ ṣe ń kéré, ìdí ìtukọ̀ kò lè máa bá a kéré: ẹni tí yóò dúró nídìí rẹ̀ kò kéré. Mo wọ ọ̀kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 rí ní Ẹ̀pẹ́. Àyè tó wà láti ìdí ìtukọ̀ dé etí ọkọ̀ kò gbà ju ẹsẹ̀ mi kan lọ, bí alákàn ni mo ṣe fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá, etí ọkọ̀ náà kò sì ga ju orúnkún mi lọ. Nígbà tí ẹni tó wà níwájú ju àwọ̀n, gbogbo àwa yòókù ni a wá irin dì mú. Ẹ ní kí ọmọ yín rìn yí ìdí ìtukọ̀ ká nínú ọkọ̀ èyíkéyìí tí ó bá fẹ́ rà, láìyí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì fara ti etí rẹ̀. Itan ni ó yẹ kí etí ọkọ̀ ti bá a. Ìdánwò yìí sàn ju gígùn tí wọ́n kọ sórí ìwé lọ.

Ní ti epo, ìṣirò kan wà tí kì í jìnnà sí òótọ́: ẹ́ńjìnnì fọ́ọ̀-sítírókù tí a bá tẹ̀ dé òpin máa ń jó nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan láàárín wákàtí kan fún agbára ẹṣin mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹyọ kan tí ó jẹ́ 115 yóò jó bíi lítà 43. Méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250 yóò jó bíi lítà 190. Lóòótọ́, ẹ kò ní máa tẹ̀ ẹ́ dé òpin láàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra bẹntiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ nílé kò nílò àlàyé mi. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta epo lọ, ẹ fi ìdá kan bọ̀, kí ìdá kẹta wà nílẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wíwọ́ rẹ̀ wálé ni ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ forí jì mí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 28 ni ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 ààbọ̀ lọ, èyí tí í ṣe òdiwọ̀n tí a lè wọ́ lójú títì Amẹ́ríkà láìgba ìwé àṣẹ àkànṣe. Ẹ fojú inú wò ó lẹ́yìn jíìpù, láti Ẹ̀pẹ́ gba Ìjẹ̀bú-Òde, gba Ìbàdàn, gba Gbọ̀ngán wọ Òṣogbo, pẹ̀lú kòtò àti tírélà! Èyí tí ó jẹ́ 20 ṣeé wọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó máa sùn ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò yín. Nílé níbí, kí ni ẹ ó fi ṣe? Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kí náà ni, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni ẹja pípa nínú igbó Ọ̀ṣun, ẹ kò sì ní fẹ́ kí ẹjọ́ ẹja gbé yín dé iwájú Ataọ́ja, ọba tí orúkọ oyè rẹ̀ wá láti ara atẹ́wọ́gbẹja.

Ohun kan kù. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ àlòkù, kí ọmọ yín fi èèkù sikirudiráfà kan ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì so rọ̀ sí. Pákó tí wọ́n fi fáíbà bò ni ibẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Bí ó bá dún kó-kó-kó, ó dára; bí ó bá dún bù-bù bí ìgbà tí a lu àpò gàrí, omi ti wọ inú pákó náà, kí ó fi owó rẹ̀ sápò. Mo mọ ẹni tí kò kàn án kí ó tó sanwó, tí iye tí ó ná sórí àtúnṣe ìdí ọkọ̀ fi pọ̀ ju iye tí ó ra ọkọ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, àwa ní ọkọ̀ irú èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. Ènìyàn mélòó ni ó lè gbà?
Ìyá Ẹlẹ́ja, Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Bí ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ lára bá ti bọ́, ẹ sọ gígùn di ìlọ́po fífẹ̀, kí ẹ sì fi 15 pín in. Tiyín jẹ́ 126, tí a bá fi 15 pín in, ó lé díẹ̀ ní 8. Iye àwọn tí yóò jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ojú omi bá pa rọ́rọ́ nìyẹn, Ìyá, kì í ṣe iye àwọn tí yóò dìde ju àwọ̀n. Fún ìpẹja, ẹ má ṣe kọjá mẹ́rin, kí oníkálukú sì wọ làífù-jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sọ́rùn, kí ó má ṣe wà lábẹ́ ìjókòó. Kúlà ńlá tí ó bá kún fún yìnyín àti ẹja sì máa ń wúwo tó àgbàlagbà kan. Ẹ ka òun náà mọ́ èrò.