Ta ni kí n gbé páálí mi fún?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní London ni mo ń gbé. Físà tí mo fi wá bá ọkọ mi ní ìparí 2023 ti fẹ́ parí, a sì fẹ́ tún un gbà. Bùrọ̀dá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí gbogbo èèyàn ń gbé páálí, ìyẹn ìwé físà, lọ bá, wọ́n ní kí n mú £1,000 wá, káàṣì o, kí n sì kó páṣípọ́ọ̀tù mi sílẹ̀. Ọkọ mi ń gba bíi £24,000 lọ́dún, a sì gbọ́ pé £29,000 lọ́dún ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní físà, ń bèèrè, bùrọ̀dá ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn máa bá wa tún ìwé owó oṣù ẹ̀ ṣe. Ọkọ mi ní ká lọ bá lọ́yà ni, àmọ́ lọ́yà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó, má sì fi páṣípọ́ọ̀tù ẹ sílẹ̀.

Ìwé owó oṣù tí wọ́n ní àwọn máa tún ṣe yẹn, ayédèrú ni. Home Office lè bi àwọn agbowó orí, ìyẹn HMRC, iye tó ń wọlé fún ọkọ ẹ gan-an, tí irọ́ bá sì yọ, orúkọ tìẹ ló wà lórí fọ́ọ̀mù, bùrọ̀dá ò sí níbẹ̀ rárá.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ẹ ò nílò irọ́ kankan! £29,000 yẹn, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2024 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti béèrè físà ọkọ tàbí aya ṣáájú ọjọ́ yẹn, tó sì jẹ́ ẹnì kan náà ló ṣì ń bá gbé, £18,600 ni wọ́n ṣì máa fi wò ó tó bá fẹ́ tún un gbà, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ Britain ni àwọn ọmọ ẹ̀. £24,000 ti kọjá ẹ̀. Tí ìwọ náà bá sì ń ṣiṣẹ́ níbí, owó tìẹ náà wà nínú ìṣirò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ì bá ti bi ẹ́ ní ọjọ́ tó o béèrè físà àkọ́kọ́ kó tó dárúkọ owó.

Nílùú ọba, òfin 1999 ò gba ẹnikẹ́ni láyè kó kàn máa gbani nímọ̀ràn lórí físà, kódà lọ́fẹ̀ẹ́, àfi tó bá jẹ́ lọ́yà tàbí tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tó ń bójú tó àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí físà, OISC ni wọ́n ń pè é títí di oṣù kìíní 2025. Lọ sórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba, wá orúkọ bùrọ̀dá nínú ìwé orúkọ wọn níbẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sí. Irú tìẹ tí ò ní wàhálà, ìpele kìíní lè ṣe é, àmọ́ ẹni tí físà ẹ̀ ti kú tàbí tí wọ́n ti kọ̀ fún rí gbọ́dọ̀ wá ẹni tó wà ní ìpele kejì ó kéré tán, ẹjọ́ ní kóòtù sì di ti ìpele kẹta. Àwọn kan wà nínú ìwé orúkọ yẹn tí kì í gbowó. Àwọn lọ́yà míì náà máa ń gbà kó o fúnra ẹ kọ fọ́ọ̀mù, kí wọ́n wá bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn kì í wọ́n tó kí wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀.

Ẹni yòówù kó o mú, gba lẹ́tà tó sọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe àti iye tó máa gbà, gba rìsíìtì, kó sì jẹ́ ímeèlì tìẹ ló máa wà lórí fọ́ọ̀mù, torí ibẹ̀ ni Home Office máa kọ̀wé sí. Kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, jókòó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wo orúkọ dáadáa, àwa Yorùbá ni páṣípọ́ọ̀tù máa ń pè ní Oluwaseun tí ìwé ìgbéyàwó á wá pè ní Seun. Kí fọ́ọ̀mù náà sì wọlé kí físà tó parí o, torí ìyẹn ló máa jẹ́ kó o ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi dá ẹ lóhùn.

Tí orúkọ bùrọ̀dá ò bá sí níbẹ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ jà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sọ fún wọn pé, "Ẹ ṣeun sà, ọkọ mi ní lọ́yà lòun fẹ́ ká lò."